Bàálù onírù méjì ní Ìkẹjà, ta ló mọ̀ ọ́n?

Ọmọ Ṣógùnlẹ̀

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ẹ jọ̀ọ́ mo ní ìbéèrè kan. Bàbá mi, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún wọn, fi fọ́tò kan sílẹ̀, fọ́tò àtijọ́ tí kò ní kọ́lọ̀, àwọn àti ọ̀rẹ́ wọn méjì dúró níwájú bàálù sójà kan, wọ́n wọ ṣòkòtò kàkí, wọ́n wá fi báírò kọ "Ìkẹjà 1966" sẹ́yìn ẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀ míì níbẹ̀. Wọn kì í ṣe sójà o, kápẹ́ńtà ni wọ́n, wọ́n máa ń gbaṣẹ́ nínú bárékè ni. Bàálù yẹn gan-an ló ń dà mí láàmú. Ìrù ẹ̀ méjì ni! Mi ò ṣàwàdà o, apá ọ̀tún àti apá òsì, ọ̀pá gbọọrọ kọ̀ọ̀kan jáde lára wọn lọ sẹ́yìn, wọ́n wá fi irin pẹlẹbẹ kan so ìdí ọ̀pá méjèèjì pọ̀, ara bàálù fúnra ẹ̀ wá kúrú sáàárín, ó yọkùn bí ẹni tó jẹ iyán sùn.

Èmi náà, ẹ̀yìn bárékè éáfọ́ọ̀sì yẹn ni mo dàgbà sí. Nígbà tí mo wà ní pámárì, láwọn ọdún 1980, bí bàálù wọn bá ti ń gbéra báyìí, páànù á máa gbọ̀n, tíṣà á dákẹ́, àwa náà á dákẹ́, àfi tó bá kọjá tán kó tó ní "ẹ tún un wí". Ṣùgbọ́n èyí tá a mọ̀ nígbà yẹn, ìrù kan ló ní, ẹ́ńjìnì mẹ́rin, àwọ̀ ewé ni wọ́n kùn ún. Onírù méjì yìí, mi ò fojú kàn án rí.

Ìkejì: ẹ̀gbọ́n mi kan ní éápọ́ọ̀tù Ìkẹjà yẹn, sójà ló kọ́kọ́ ni ín. Èmi rò pé 1979 ni wọ́n kọ́ ọ. Èwo ni òótọ́ níbẹ̀?

Bàbá Tẹ́kíníkà

Ọmọ mi, Noratlas lò ń wò yẹn. Àwọn Faransé ló ṣe é, àwọn Jámánì ń lò ó nínú éáfọ́ọ̀sì tiwọn, ọwọ́ Jámánì la ti gbà á. Ohun tó sọ ìrù ẹ̀ di méjì kò le rárá. Ẹ̀yìn ikùn ẹ̀ yẹn, ilẹ̀kùn ni, ó máa ń ṣí sọ́tùn-ún sósì, bó bá ti ṣí báyìí jíìpù á wọlé tààrà, kẹ́rù wọlé, kí sójà wọlé, tàbí kí wọ́n fi páráṣúùtù ju ẹrù jáde láti òkè. Tó bá wá jẹ́ pé àárín ẹ̀yìn níbẹ̀ ni ìrù wà, ibo lẹ fẹ́ gbà wọlé? Ni wọ́n bá pín in sẹ́gbẹ̀ẹ́ méjì kí ẹnu ọ̀nà lè ṣófo. Ẹ́ńjìnì méjì ló gbé e, Bristol Hercules, sìlíńdà 14 ló yí ẹ́ńjìnì kọ̀ọ̀kan po, agbára ẹṣin bíi 2,000 lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹtiróò ló ń mu, kì í ṣe kẹrosíìnì bíi tàwọn tó dé lẹ́yìn ẹ̀.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ti fọwọ́ kàn án dáadáa. Wọ́n ní tí ẹ́ńjìnì yẹn bá ti sùn mọ́jú, èèyàn ò gbọdọ̀ kàn dédé tan án láàárọ̀ o, àfi kí sójà méjì mẹ́ta kọ́kọ́ dì mọ́ pọ̀rọ̀pẹ́là, kí wọ́n fọwọ́ yí i káàkiri, torí ọ́ìlì á ti ṣàn lọ kún inú àwọn sìlíńdà tó wà nísàlẹ̀, bẹ́ ẹ bá tan án bẹ́ẹ̀ ẹ ti da nǹkan rú nìyẹn. Wọ́n ní ojoojúmọ́ ni kàkí wọn máa ń gba ọ́ìlì, ìyàwó wọn wá ní kí wọ́n máa fọ̀ ọ́ fúnra wọn.

Ọdún 1966 tó wà lẹ́yìn fọ́tò yẹn, éáfọ́ọ̀sì wa ṣì kéré. Ọjọ́ 18 oṣù Épírì 1964 ni òfin gbé e dìde, ọ̀gá àkọ́kọ́ kì í sì í ṣe ọmọ wa, Kọ́nẹ́ẹ̀lì Gerhard Kahtz ará Jámánì ni, Wolfgang Thimmig tóun náà jẹ́ ará Jámánì tẹ̀lé e, inú ọdún 1966 yẹn gan-an ni George Kurubo gbà á, òun lọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó débẹ̀. Kí àwọn Jámánì tó dé rárá, ìjọba ti kó àwọn ọ̀dọ́ lọ kọ́ fífò, mẹ́wàá lọ sí Etiópíà ní 1962, mẹ́rìndínlógún lọ sí Kánádà ní 1963, mẹ́fà lọ sí Íńdíà. Bàálù tí wọ́n padà wá bá nílé ò ju oríṣi mẹ́ta lọ, Piaggio kékeré tí wọ́n fi ń kọ́ṣẹ́, Dornier 27 tó lè balẹ̀ sórí ilẹ̀ koríko, àti Noratlas yìí.

Mú gíláàsì kó o wo ara bàálù yẹn dáadáa. Tó bá jẹ́ àgbélébùú dúdú ló wà lára ẹ̀, ti Jámánì ṣì ni nígbà tí wọ́n ya fọ́tò. Tó bá jẹ́ òbìrìkìtì ewé, funfun, ewé, ó ti di tiwa.

Èyí tó ń gbọn páànù yín ní pámárì, iṣẹ́ ọwọ́ mi nìyẹn, C-130. 1975 ló bẹ̀rẹ̀ sí dé, mẹ́fà lákọ̀ọ́kọ́, mẹ́ta tó gùn jù wọ́n lọ wá dé lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Ẹ́ńjìnì nọ́ḿbà 3 la máa ń kọ́kọ́ tan, ó di 4, ká tó wá kọjá sí 2, ká fi 1 parí ẹ̀. Ọmọ bárékè tó létí, orí ẹní ló máa wà tá á ti mọ̀ pé ó ku ẹyọ kan kó bẹ̀rẹ̀ sí yí.

Ọmọ Ṣógùnlẹ̀

Bàbá, ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀mí yín á gùn. Mo ti wò ó. Orí ọ̀rẹ́ bàbá mi kan ló bo ibi tí òbìrìkìtì yẹn yẹ kó wà, ó tún wá dé fìlà abetí ajá! Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ẹ̀yìn yẹn wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó ṣí sílẹ̀ díẹ̀, mo rò tẹ́lẹ̀ pé bàálù yẹn ti bàjẹ́ ni.

Tíṣà Ọ̀ṣogbo

Ìbéèrè kejì ni tèmi. Ẹ̀gbọ́n rẹ ò purọ́. Ilé tá a ti ń wọkọ̀ ni wọ́n ṣí ní 1979, ọjọ́ 15 oṣù Máàṣì, òun ni wọ́n sọ lórúkọ Murtala Muhammed tí wọ́n pa ní 1976. Pápá fúnra ẹ̀ ti wà níbẹ̀ tipẹ́tipẹ́, ìgbà Ogun Hítílà ni wọ́n la igbó yẹn.

Ìdí tí wọ́n fi nílò ẹ̀ rèé. Oṣù Júùnù 1940, Ítálì bọ́ sógun, òkun Mẹditaréníà wá di ewu fún ọkọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, bẹ́ẹ̀ àwọn sójà wọn tó wà ní Íjíbítì ń fẹ́ bàálù lójú méjèèjì. Wọ́n bá ń tú bàálù palẹ̀, wọ́n ń dì í sínú àpótí pákó, ọkọ̀ ojú omi á gbé e dé Takoradi ní ilẹ̀ tó di Gánà lónìí, wọ́n á tò ó padà níbẹ̀, ó wá di fífò: Takoradi sí Èkó, Èkó sí Kánò, Kánò sí Màídúgùrì, wọ́n á gba Fort Lamy tá a mọ̀ sí N'Djamena báyìí, wọ́n á kọjá Geneina àti El Fasher dé Khartoum, Wadi Halfa, kó tó wá kan Káírò. Ó ju 3,500 máìlì lọ. Ọjọ́ 20 oṣù Sẹ́tẹ́ḿbà 1940 làwọn àkọ́kọ́ kúrò ní Takoradi. Hurricane, bàálù ìjà tó wà lára àwọn tí wọ́n ń gbé lọ, ẹ́ńjìnì kan, ènìyàn kan nínú ẹ̀, ta ni yóò máa bá a wo máàpù lórí aṣálẹ̀? Ìyẹn ni Blenheim ẹlẹ́ńjìnì méjì fi máa ń ṣíwájú tí àwọn Hurricane á tò tẹ̀lé e, ẹni tí ojú ẹ̀ bá kúrò lára Blenheim nínú eruku ọyẹ́, ó kù sọ́wọ́ Ọlọ́run. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún bàálù ló gba ọ̀nà yẹn kí ogun tó parí, orí ilẹ̀ tiwa níbí ló gbà kọjá, a ò sì kọ́ ọ fún ọmọ kankan ní iléèwé, ó máa ń bí mi nínú.

Àpápá náà ń ṣiṣẹ́ nígbà yẹn, ṣùgbọ́n orí omi lọ́hùn-ún ni bàálù ti ń balẹ̀. Catalina àti Sunderland, ẹgbẹ́ 270 ti éáfọ́ọ̀sì Gẹ̀ẹ́sì ló ni wọ́n, 1943 sí 1945, ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì ni wọ́n ń wá kiri lójú òkun.

Ẹ tún jẹ́ kí n fi ti ọ̀dọ̀ wa kún un. Ìdó-Òṣun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa níbí, ó ti ní pápá bàálù láti 1936, ọdún tí ilé iṣẹ́ Imperial Airways fa ọ̀nà wọn láti Khartoum wá sí Kánò, tó tún wá gba Kàdúná, Minna àti Ọ̀ṣogbo dé Èkó. Ẹ wá wò ó báyìí. Koríko, ewúrẹ́, àwọn tó ń kọ́ mọ́tò. Wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ MKO Abíọ́lá kí éápọ́ọ̀tù tó délẹ̀, ìsọmọlórúkọ ti ṣáájú ìbímọ.

Àti pé bàálù àkọ́kọ́ tó balẹ̀ sí Nàìjíríà, ológun ló wà á. Ìparí oṣù Ọ̀któbà 1925, DH.9A mẹ́ta gbéra láti Íjíbítì, Arthur Coningham ló ṣíwájú wọn, ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Nọ̀fẹ́ḿbà ni wọ́n dé Kánò. Kò tíì sí ọmọ Nàìjíríà tó ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù nígbà yẹn o.

Sikira Ìsọlọ̀

Gbogbo yín ń rántí C-130 tó ń gbọn páànù. Àwa tá a wà ní Ìsọlọ̀, ọ̀kan péré la rántí. Ọjọ́ Sátidé, 26 oṣù Sẹ́tẹ́ḿbà 1992, ó gbéra ní Ìkẹjà, Kàdúná ló ń lọ, ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn ẹ́ńjìnì ti ń kú, ó já sínú àbàtà ní Èjìgbò. Àwọn tó wà nínú ẹ̀ ju 150 lọ, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ ọ́físà tó ń kàwé ní Jàjí, ẹnìkan ò yè é. Èmi ń kó ọjà pamọ́ lọ́wọ́ ni, mo gbé ojú sókè torí pé ìró ẹ̀ ò rí bó ṣe máa ń rí. Kò pariwo tó. Ọjọ́ kejì, àwọn ìyàwó sójà ti kún òpópónà, wọ́n ń bi àwọn tó ń ta ẹ̀wà pé ṣé wọ́n rí ẹnikẹ́ni tó jáde.

Bàbá Tẹ́kíníkà

Sikira, ọmọ mi, o ti fọwọ́ kan egbò. NAF 911, nọ́ḿbà tó wà lára ẹ̀ nìyẹn. Mo mọ bàálù yẹn dáadáa. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àkànbí Leeds

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Bàbá, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀, torí ẹ́ńjìnì Bristol Hercules tí ẹ dárúkọ yẹn. Nítòsí ibi tí mò ń gbé ní Yorkshire níbí, pápá bàálù ìgbà ogun pọ̀ débi pé tẹ́ ẹ bá wakọ̀ wákàtí kan ẹ ó kọjá mẹ́ta mẹ́rin, òmíràn ti di oko ọkà, òmíràn di ibi tí wọ́n ń fi mọ́tò sáré. Ọ̀kan wà tí wọ́n ń pè ní Holme-on-Spalding Moor. Ọmọ Yorùbá kan fò níbẹ̀ nígbà Ogun Hítílà, Akin Shenbanjo, ẹgbẹ́ 76 ló wà, òun ló ń bójú tó rédíò àti ìbọn nínú Halifax. Àwọn òyìnbó tí wọ́n jọ wà nínú bàálù yẹn kọ "Achtung! The Black Prince" sí imú ẹ̀ nítorí ẹ̀. Ìkìlọ̀ lédè Jámánì ni "Achtung" o, wọ́n ń sọ fún Hítílà pé kó ṣọ́ra, ọmọ ọba dúdú ń bọ̀! Ọba Gẹ̀ẹ́sì fún un ní DFC, àmì ẹ̀yẹ àwọn akínkanjú inú òfuurufú. Halifax tí wọ́n ń wà nígbà yẹn, oríṣi kẹta, ẹ́ńjìnì mẹ́rin ló ní, Hercules sì ni gbogbo wọn. Ẹ́ńjìnì ilé kan náà pẹ̀lú onírù méjì tí wọ́n wá ń fọwọ́ yí ní Ìkẹjà lẹ́yìn ogún ọdún.

Mo lọ wo pápá yẹn lọ́jọ́ kan tí òjò ń ṣe wínníwínní. Ilé iṣẹ́ ló kún ibẹ̀ báyìí, tírélà ń wọlé ń jáde, ẹnìkan ń tún fọ́kílíìfù ṣe lórí ibi tó jẹ́ rọ́nwéè, mo bi í pé ṣé ó mọ̀ pé bàálù ogun ń gbéra níbí, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, òun mọ̀, bàbá òun ṣiṣẹ́ níbẹ̀ pàápàá. Lóòótọ́, lẹ́yìn ogun ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dán jẹ́ẹ̀tì Buccaneer àti Phantom wò títí wọ inú àwọn ọdún 1980. Òkúta ìrántí ẹgbẹ́ 76 wà níbẹ̀. Mo dúró síwájú ẹ̀, ìyàwó mi ní òtútù ń mú òun, a bá lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá wá sí Yorkshire, ẹ lọ sí Elvington, ẹ̀gbẹ́ York ni, wọ́n ní Halifax kan tí wọ́n fi ẹ̀yà oríṣiríṣi tò jọ níbẹ̀. Apá kan lára ikùn ẹ̀, erékùṣù Lewis ní Skọ́tílàǹdì ni wọ́n ti rí i, ẹnìkan ti sọ ọ́ di ilé adìẹ. Adìẹ ń yé ẹyin nínú bàálù ajubọ́ǹbù!

Mo tún gbọ́ pé Peter Thomas, ọmọ Èkó, fò fún wọn gẹ́gẹ́ bíi pailọ́ọ̀tù, ó di ọ́físà ní 1942, ó kú ní 1945 kí ogun tó parí. Ẹ má jẹ́ káwọn ọmọ wa rò pé àpótí nìkan la gbé nínú ogun yẹn.

Emeka Mushin

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará mi. Mushin ni wọ́n bí mi sí, Yorùbá ni mo fi ń ta ọjà mi, torí náà mo lè bá yín sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Ẹ̀ ń yin bàálù. Ìyá mi tí ẹ bá gbé bàálù sókè orí wọn lónìí, tí wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, wọ́n á kọ́kọ́ wo ibi tí igi wà. Ọmọdé ni wọ́n lábúlé nígbà ogun Biafra. MiG-17 àti Ilyushin tí Nàìjíríà gbà lọ́wọ́ Rọ́ṣíà láti 1967, àwọn ará Íjíbítì ló ń wà púpọ̀ nínú wọn, ọjà ni wọ́n jù bọ́ǹbù sí, ọsibítù ni wọ́n jù ú sí, kò sí ìwé tó lè sọ pé irọ́ ni. Wọ́n ní bí ẹ bá ti gbọ́ ọ, ó ti kọjá, ẹni tó bá ń sá lẹ́yìn ìgbà yẹn ń ṣeré lásán ni. Aṣọ funfun, wọn ò gbọdọ̀ sá a síta. Títí dòní ìyá mi kì í sá aṣọ funfun síta, ẹ̀yìn ilé ni.

Ṣùgbọ́n pápá bàálù wà tí àwọn náà fẹ́ràn, Uli. Kì í ṣe pápá gan-an o, títì ni, ọ̀nà tó ti Owerri lọ sí Onitsha, wọ́n fẹ̀ ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì nítòsí Ihiala, wọ́n sọ ọ́ ní Annabelle. Òru nìkan ni bàálù máa ń balẹ̀ níbẹ̀. Wọn ò gbọdọ̀ tan iná àfi tí ó bá ku díẹ̀ kí táyà kanlẹ̀, wọ́n á tan án, wọ́n á tún pa á kíá, torí bàálù ìjọba ń pooyì lókè ó ń dúró dè wọ́n. Bàálù ẹlẹ́ńjìnì mẹ́rin, lórí títì mọ́tò, nínú òkùnkùn, pailọ́ọ̀tù ò rí nǹkan kan! Ibẹ̀ náà ni Ojukwu gbà jáde ní oṣù Jánúárì 1970.

Àwa náà ní bàálù tiwa, ẹ má rẹ́rìn-ín. MFI-9, kékeré, ọmọ Sweden kan tí wọ́n ń pè ní Carl Gustaf von Rosen kó márùn-ún wá, ó so rọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́ abẹ́ apá wọn, ọjọ́ 22 oṣù Méè 1969 wọ́n fò nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí igi dé Port Harcourt, wọ́n yìnbọn sáwọn bàálù tó wà lórí ilẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì wọ́n dé Benin, wọ́n tún dé Enugu.

Bàbá Tẹ́kíníkà

Emeka, ohun tí o sọ kò ṣeé jiyàn. Mi ò tíì wọṣẹ́ nígbà yẹn, ṣùgbọ́n bàálù tí mo wá tọ́jú, àwọn tó ti ibẹ̀ bọ̀ ló kọ́ mi. Àwọn kan nínú wọn kì í sọ̀rọ̀ ogun rárá, àwọn míì ò mọ̀ ju ìyẹn lọ. Kí ìyá rẹ pẹ́ fún wa.

Ogun yẹn pa ọ̀gá tiwa náà. Kọ́nẹ́ẹ̀lì Shittu Alao, òun ni olórí éáfọ́ọ̀sì, òun nìkan ló wà nínú jẹ́ẹ̀tì L-29 lọ́jọ́ 15 oṣù Ọ̀któbà 1969, ó já ní Uzebba, àríwá Benin. Olórí gbogbo éáfọ́ọ̀sì, tó dá bàálù wà fúnra ẹ̀ nígbà ogun, ẹ bá mi wá irú ẹ̀ lónìí.

Ẹnìkan kọ̀wé sí mi ní kọ̀rọ̀ pé àwọn jẹ́ẹ̀tì tá a máa ń rí lọ́jọ́ òmìnira ńkọ́, níbo ni wọ́n wọlé sí. Màkúrùdí ni ti MiG-21, ó dé láti 1975. Màkúrùdí náà ni Jaguar, 1984 ló bẹ̀rẹ̀ sí dé, méjìdínlógún, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ló jọ ṣe é, kò pé ọdún mẹ́wàá, 1991, wọ́n ní owó ò sí, wọ́n tì í mọ́ hángà. Kàínjì ni Alpha Jet, Kánò ni L-39 ti Czechoslovakia. Ẹ wo ohun tó pa wá. Kì í ṣe pé àwọn ọmọ wa ò mọṣẹ́. Rọ́ṣíà, Czech, Ítálì, Jámánì, Gẹ̀ẹ́sì, Faransé, Amẹ́ríkà, gbogbo wọn la lọ ra nǹkan lọ́wọ́ wọn láàárín ọdún díẹ̀ nígbà tí owó epo ń ṣàn, kò sí páànà tó bá bàálù méjì mu, síkúrúù ti ìwọ̀n ínǹsì nìyí, ti mìlímítà nìyí, ìwé àlàyé èyí wà lédè Rọ́ṣíà, ti tọ̀hún lédè míì. Tí ọ̀kan bá wá bàjẹ́ ẹ ó máa tú nǹkan lára ìkejì rẹ̀ láti fi tún un ṣe, ọdún kan á yí po, ìkejì náà ti di egungun. Mo ti wọ hángà tí bàálù márùn-ún wà nínú ẹ̀, tí a ò rí ẹyọ kan tó lè fò.

Tí ẹ bá fẹ́ fojú rí díẹ̀ lára wọn, ẹ lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ogun ní Umuahia. MFI-9 tí Emeka ń sọ wà níbẹ̀.

Nàgó Kútọnu

Ẹ kú oríire ìjíròrò yìí o. Kétu ni bàbá mi ti wá, Kútọnu ni wọ́n ti dàgbà. Ẹ gbàgbé wa nínú ọ̀rọ̀ Uli yìí. 1969, tí àwọn ti erékùṣù Fernando Po ò gbà kí Red Cross máa gbé oúnjẹ fò lọ sí Uli bó ṣe wù wọ́n mọ́, éápọ́ọ̀tù Cadjehoun níbí ni wọ́n ń gbà lọ. Dahomey la ṣì ń jẹ́. Bàálù C-97 ti Amẹ́ríkà ni bàbá mi máa ń sọ, ó tóbi, ikùn méjì ló ní, ti òkè àti ti ìsàlẹ̀. Wọ́n máa ń kó wàrà ìyẹ̀fun àti pánla àti iyọ̀ sínú ẹ̀ ní ọ̀sán, tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú wọ́n á gbéra. Bàbá mi wà lára àwọn tó ń gbé ẹrù. Wọ́n ní pánla yẹn ń rùn débi pé àwọn obìnrin kì í jókòó tì wọ́n nínú ọkọ̀. Nígbà tó di oṣù Júùnù tí MiG yìnbọn lu bàálù Red Cross kan wálẹ̀, gbogbo ẹ̀ dáwọ́ dúró lọ́dọ̀ tiwa níbí, àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì tó ń gbéra láti São Tomé ló ń bá a lọ.

Cadjehoun yẹn kan náà, ọjọ́ Sùńdéè 16 oṣù Jánúárì 1977, òwúrọ̀ kùtù, DC-7 kan ṣàdédé balẹ̀ síbẹ̀, àwọn sójà àfowórà ló bọ́ sílẹ̀, Bob Denard ọmọ Faransé ló kó wọn wá, Kérékou tó jẹ́ ààrẹ wa nígbà yẹn ni wọ́n fẹ́ lé kúrò lórí oyè. Wọ́n yìnbọn lọ yìnbọn bọ̀ fún wákàtí mélòó kan, nígbà tí kò bọ́ sí i wọ́n sá padà sínú bàálù wọn, wọ́n fi ẹrù wọn kan sílẹ̀ pẹ̀lú ìwé tó tú àṣírí ẹni tó rán wọn. Ọmọ kékeré ni mí nígbà yẹn. A rò pé wọ́n ń yin báńgà.

Emeka Mushin

Ẹ̀gbọ́n Nàgó, mo ka ọ̀rọ̀ pánla yìí sí ìyá mi létí. Wọ́n ní wàrà yẹn kò dùn, ó máa ń di gídígídí nínú omi tútù, ṣùgbọ́n pánla ni wọ́n fi ń ṣèlérí fún ọmọ tó bá ṣàìsàn. Wọ́n ní kí n béèrè: àwọn tó ń gbé ẹrù lọ́dọ̀ yín, ṣé wọ́n sanwó fún wọn, àbí iṣẹ́ àánú ni?

Nàgó Kútọnu

Wọ́n sanwó o! Ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ ni. Bàbá mi fi ra Mobylette, ọkọ̀ yẹn ni wọ́n fi lọ fẹ́ ìyá mi ní Pọ̀bẹ̀. Ẹ bá mi kí Màmá.